Bí A Ṣe Ń Fi Fíìdì Mọ Ìwé Tuntun Tó Wọ Ilé Ìkàwé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìdí tábìlì ìbéèrè nílé ìkàwé yunifásítì ni mò ń jókòó sí, ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù níbẹ̀ ni, «Ṣé ẹ ti ra ìwé tuntun lórí iṣẹ́ tèmi?» Ẹni tó bi mí lónìí yóò tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ìbéèrè kan náà ni yóò sì mú wá. Nítorí irú wọn ni mo ṣe kọ àwọn ìdáhùn yìí sílẹ̀.

Kí ni fíìdì, kí ló sì kan ilé ìkàwé?

Fíìdì jẹ́ fáìlì kékeré kan tí ìkànnì ń tọ́jú síbi tí ẹnikẹ́ni lè dé, tó ń to orúkọ ohun tuntun tó bá wọlé sínú rẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn lókè. Áàpù kan lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ni yóò máa lọ yẹ fáìlì náà wò lóòrèkóòrè, ohun tí kò sì bá níbẹ̀ nígbà tó lọ gbẹ̀yìn ni yóò gbé wá fún yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń lọ mọ́, áàpù ló ń bá yín lọ.

Iṣẹ́ yìí ti wà nílé ìkàwé kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ẹni tó ka ìwé láyé ìgbà tí káàdì kátálọ́ọ̀gì wà nínú dúrọ́ọ̀ yóò rántí pákó tí a ń to ìwé tuntun sí lẹ́nu ọ̀nà, àti àkójọ orúkọ ìwé tuntun tí a ń tẹ̀, tí a sì ń pín kiri àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ìṣòro àkójọ náà ni pé ti gbogbo ayé ni: onímọ̀ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ní láti ka orúkọ ìwé òfin àti ti ìṣirò owó kó tó kan tirẹ̀. Ní 1958, Hans Peter Luhn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ IBM, kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tí yóò máa fi ìwé tuntun wé ohun tí oníkálukú ń wá, tí yóò sì fi èyí tó bá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan mu ránṣẹ́ sí i. Ohun tí fíìdì kátálọ́ọ̀gì ń ṣe lónìí kò jìnnà sí èyí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ṣàlàyé ohun tí ẹ ń wá fún un, bí àlàyé náà bá sì ṣe rí ni èsì rẹ̀ yóò ṣe rí.

RSS àti Atom ńkọ́? Ṣé nǹkan kan náà ni wọ́n?

Oríṣi ọ̀nà méjì tí a ń gbà kọ fáìlì fíìdì ni wọ́n. RSS ló ṣáájú: ilé iṣẹ́ Netscape ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 1999, ẹ̀yà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lónìí, RSS 2.0, sì jáde ní 2002. Atom dé ní 2005 láti ṣàtúnṣe àwọn ibi tí RSS kò ti ṣe kedere tó. Òǹkàwé kò ní láti yan ọ̀kan, nítorí pé àwọn áàpù tí a ń lò lónìí ń ka méjèèjì.

Wọ́n ní RSS ti kú. Ṣé kì í ṣe ohun àtijọ́ lẹ fẹ́ kọ́ wa yìí?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Google Reader, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ka fíìdì nígbà náà, kógbá sílé ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013, àwọn tí kò mọ áàpù mìíràn sì rò pé fíìdì ti bá a lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, bráúsà Firefox náà yọ apá tó fi ń ka fíìdì kúrò. Láti ìgbà náà, ẹ lè dé orí ìkànnì tó ní fíìdì kí ẹ má sì rí nǹkan kan tó jọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn la tì, ilé kò wó. Gbogbo ètò pódíkáàsì tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù, orí RSS ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé, ìkànnì jọ́nà àti àwọn ibi ìkójọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kò sì jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé kò ná wọn lówó, kò sì sí ilé iṣẹ́ kan tó lè jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé òun ti gbà á padà.

Kí ni mo nílò kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Áàpù tó ń ka fíìdì, àti àdírẹ́sì fíìdì tí ẹ fẹ́ máa tẹ̀ lé. Ẹ má dààmú lórí áàpù. Feedly àti Inoreader wà fún àwọn tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè kà á lórí fóònù láàárọ̀ kí wọ́n sì bá a níbi tí wọ́n dé lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́. Méjèèjì ní apá ọ̀fẹ́ tó tó fún òǹkàwé lásán. Ẹni tó ń fi Thunderbird ka ímeèlì tẹ́lẹ̀ lè ka fíìdì nínú rẹ̀ láìgba ohun mìíràn sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ni mo máa ń júwe Zotero, áàpù tó ń tọ́jú ìwé ìtọ́kasí, fún, nítorí pé bí fíìdì bá gbé ìwé kan wá tó wúlò, ẹ ó kàn gbé e sínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí yín níbẹ̀ náà, ẹ kò ní láti máa da orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún kọ.

Báwo ni mo ṣe máa gba fíìdì láti inú kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé?

Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìkàwé fi ń ṣe kátálọ́ọ̀gì, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì ní Nàìjíríà ń lò. Ilẹ̀ New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́, fún ilé ìkàwé agbègbè Horowhenua, nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ wọn kò ní lè wọ ọdún 2000, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún náà. Ọ̀rọ̀ àwọn Māori ni «koha», ẹ̀bùn ló sì túmọ̀ sí. Lóòótọ́ kò sí ẹni tó ń sanwó àṣẹ kó tó lò ó.

Ẹ ṣí kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé yín, kí ẹ sì wá ohun tí ẹ fẹ́ bí ẹ ṣe máa ń wá a. Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ wo òkè ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye èsì tí ó rí. Àmì kékeré olómi ọsàn kan wà níbẹ̀, tó dà bí ìgbì méjì tó ń jáde láti ara ẹ̀kán kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lásán, nítorí pé ọ̀pọ̀ bráúsà yóò kàn da ọ̀rọ̀ jánganjàngan kún ojú yín ni. Lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì ọ̀tún asin ni kí ẹ tẹ̀ lórí rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ wá da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ. Ẹ ó rí «rss» nínú àdírẹ́sì náà, níhà ìparí rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí áàpù yín ti ń gba fíìdì tuntun, ó parí.

Ohun tí ẹ dà kọ yẹn, ìbéèrè yín gan-an ni. Kì í ṣe fíìdì gbogbo ilé ìkàwé. Fíìdì ọ̀rọ̀ tí ẹ fi wá nǹkan ni. Ìgbàkígbà tí áàpù bá lọ síbẹ̀, ńṣe ni kátálọ́ọ̀gì yóò tún wá ọ̀rọ̀ náà, tí yóò sì to èsì láti orí èyí tó wọ ilé ìkàwé kẹ́yìn. Àádọ́ta ni yóò kó jáde lẹ́ẹ̀kan, àfi bí ilé ìkàwé bá yí iye náà padà.

Mo ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí kò kàn mí ló ń gbé wá. Kí ni mo ṣe tì?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi wá nǹkan ló gbòòrò jù. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sú lọ.

Bí ẹ bá kọ «Yoruba» lásán sínú àpótí ìwáǹkan, gbogbo ìwé tí ọ̀rọ̀ náà bá wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò tò wá: ìwé ìtàn, ìwé òògùn, ìwé ìròyìn àpéjọ kan tí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ lórí Yorùbá fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ lọ sí ojú ìwáǹkan tó jinlẹ̀ («Advanced search»), kí ẹ sì yan kókó ọ̀rọ̀ («Subject») dípò ọ̀rọ̀ gbogbogbòò («Keyword»). Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ kókó ọ̀rọ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìwé, kódà ìwé tí a fi Yorùbá kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn: «Yoruba language» fún èdè, «Yoruba literature» fún lítíréṣọ̀, «Orishas» fún ọ̀rọ̀ òrìṣà. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ kókó ọ̀rọ̀ tó yẹ ni pé kí ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìwé kan tí ẹ ti mọ̀ pé ó dára, kí ẹ wo kókó tí a kọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lo ìyẹn.

Nọ́ńbà ìpín ìwé, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé láti fi mọ ibi tó wà lórí pákó, tún dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò ìpín ìwé Library of Congress ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì wa ń lò, PL8821 sí PL8824 ni ilé èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, ìtàn Nàìjíríà wà ní àyíká DT515, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá sì wà ní BL2480.Y6. Ilé ìkàwé tó ń lo ètò Dewey yóò fi èdè Yorùbá sí 496.333, yóò sì fi lítíréṣọ̀ rẹ̀ sí 896.333. Bí ẹ bá fi PL8821 wá nǹkan lábẹ́ nọ́ńbà ìpín, tí ẹ sì gba fíìdì rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó fi ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣọ́ pákó yẹn tọ̀sán tòru.

Ọ̀kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn jù, tí n kì í sì í rí i kí ẹnikẹ́ni lò. Nínú àkọsílẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, a máa ń kọ lẹ́tà mẹ́ta tó ń sọ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà. «yor» ni ti Yorùbá. Nínú Koha, ẹ kọ ln:yor sínú àpótí ìwáǹkan, láìsí àlàfo kankan láàárín rẹ̀. Gbogbo ìwé tí a fi Yorùbá kọ, ìbáà ṣe ìtàn àròsọ, ìwé orin ìjọ tàbí ìwé ìmọ̀ ìṣirò ọmọdé, ni yóò jáde. Ẹ gba fíìdì ìyẹn. Ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan kan tó bọ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ kì í ṣòfò.

Ṣé kí n fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tí mo fi ń wá ìwé?

Ẹ wá a lọ́nà méjèèjì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kí ẹ wo èyí tó mú èsì púpọ̀ jáde kí ẹ tó gba fíìdì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lẹ́tà «ẹ́» tí ẹ̀ ń wò yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀: ó lè jẹ́ «ẹ» tó ti ní ẹ̀kán nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a wá gbé àmì òkè lé, ó lè jẹ́ «é» tó ti ní àmì lórí tí a wá fi ẹ̀kán sí nídìí, ó sì lè jẹ́ «e» lásán tí a fi méjèèjì kún. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Kátálọ́ọ̀gì tí a tò dáadáa yóò ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan, yóò tiẹ̀ ka «e» lásán mọ́ wọn. Èyí tí a kò tò dáadáa yóò ní òun kò rí ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà níbẹ̀. Ìwé tó jáde kí a tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974 máa ń kọ «aiye» níbi tí a ti ń kọ «ayé», ó sì ń kọ «enia» níbi tí a ti ń kọ «ènìyàn», bẹ́ẹ̀ la ṣe ń da àkọlé rẹ̀ kọ sínú kátálọ́ọ̀gì. Fíìdì tí ẹ fi «ayé» ṣe kò ní bá yín mú ìwé tí àkọlé rẹ̀ ń pè é ní «aiye». Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìwé àtijọ́ lẹ ń wá, fíìdì méjì ni kí ẹ ṣe, tàbí kí ẹ padà sórí nọ́ńbà ìpín, tí kò mọ̀ nípa àkọtọ́.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1962 ni fíìdì gbé wá fún mi pé ó jẹ́ tuntun. Ṣé àṣìṣe ni?

Kì í ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ tí ẹ̀dà ìwé náà wọ inú kátálọ́ọ̀gì ni fíìdì ń wò, kò kàn án nígbà tí wọ́n tẹ ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé wa ṣì ń kó ohun tó wà nínú káàdì sínú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀, ìwé tó ti wà lórí pákó láti ọjọ́ pípẹ́ yóò sì di tuntun lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ kàn án. Èmi kò ka èyí sí wàhálà rárá. Lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé a ní àwọn ìwé kan tí èmi fúnra mi ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé a kò ní.

Ẹ̀dà kejì tàbí ìkẹta ìwé tí ẹ ti mọ̀ náà lè tún gòkè wá lọ́nà kan náà.

Fíìdì ní ìwé ti dé, mo lọ, n kò bá a. Kí ló fà á?

Ó ti ṣe èmi náà rí. Mo rí ìwé kan lórí ìtàn Èkìtì nínú fíìdì ilé ìkàwé kan tí kì í ṣe tiwa, tí n kò sì ní dárúkọ. Mo wọkọ̀, mo dúró nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ fún bíi wákàtí méjì, mo dé orí pákó, àlàfo ni mo bá. Ìwé náà ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn, nínú òkìtì kan, ó ń dúró de ẹni tí yóò lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ jáde.

Ilé ìkàwé mìíràn tún wà tí àkọsílẹ̀ ti máa ń hàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi orúkọ ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò tà á fún wọn, ìwé náà lè má sì tíì kúrò ní ilé ìtẹ̀wé. Kí ẹ tó gbéra, ẹ tẹ líǹkì tó wà nínú fíìdì, yóò mú yín dé ojú àkọsílẹ̀ ìwé náà, kí ẹ sì wo ìlà tó sọ ibi tí ẹ̀dà wà. Bí kò bá sọ pé ó wà lórí pákó, ẹ tẹ ilé ìkàwé láago. Bí ìwé bá wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí ẹnì kan sì béèrè rẹ̀, òun la sábà máa ń ṣe ṣáájú èyí tó kù. Ìyẹn nìkan tó ìdí láti máa tẹ̀ lé fíìdì.

Ọ̀rọ̀ jọ́nà ńkọ́?

Jọ́nà ni fíìdì ti wúlò jù, nítorí pé kì í ṣe ọwọ́ ilé ìkàwé yín ni ìròyìn rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà yunifásítì ní ilẹ̀ Áfíríkà ló ń lo Open Journal Systems, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé jọ́nà jáde, tí ó ní fíìdì nínú: bí alákòóso jọ́nà bá ti tan án, ẹ ó rí àmì Atom àti RSS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé rẹ̀. Ìwé tuntun tó bá jáde nínú jọ́nà náà yóò wá bá yín pẹ̀lú orúkọ àwọn tó kọ ọ́ àti, lọ́pọ̀ ìgbà, àkótán rẹ̀.

Fún àwọn tó wà nínú ìmọ̀ ìlera, ẹ lo PubMed, àkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn tí ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ ìṣègùn ń tọ́jú. Ẹ wá ohun tí ẹ fẹ́, ká ní ibà Lassa. Lábẹ́ àpótí ìwáǹkan ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ «Create RSS» sí wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò ní kí ẹ fún un lórúkọ kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fẹ́ kó máa kó wá, lẹ́yìn náà yóò fún yín ní àdírẹ́sì. Kò ní béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan. Àwọn onímọ̀ físíìsì, ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ní arXiv, ibi ìkójọ ìwé ìwádìí tó ti wà láti 1991, tí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní fíìdì tirẹ̀; ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín, àwọn ẹ̀ka kan níbẹ̀ ń gbé ìwé jáde lọ́jọ́ kan ju èyí tí ènìyàn lè kà lóṣù.

Fíìdì jọ́nà yóò sọ fún yín pé ìwé ti jáde, kò ṣèlérí pé ẹ ó rí i kà. Bí ẹ bá tẹ líǹkì tó sì ní kí ẹ sanwó, ẹ fi àkọlé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó fi owó yín sílẹ̀.

Ṣé fíìdì wà fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìwé ọ̀fẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. DSpace, tí yunifásítì MIT àti ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard jọ gbé jáde ní 2002, ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń tọ́jú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ó sì lè ṣe fíìdì fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí alákòóso rẹ̀ bá ti tan án. Ní ti ìwé ọ̀fẹ́, Project Gutenberg ní fíìdì kan tó ń sọ ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síta tàbí tí wọ́n tún ṣe.

Ẹgbẹ̀rún ìwé ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kí n kà á tán ni?

Rárá. Ilé ìkàwé ra àkójọ ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n sì da gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú kátálọ́ọ̀gì lọ́jọ́ kan. Ẹ sàmì sí gbogbo rẹ̀ pé ẹ ti kà á, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ padà sí kátálọ́ọ̀gì, kí ẹ fi irú ohun tí ẹ fẹ́ há ìwáǹkan náà mọ́, kí ó mú ìwé títẹ̀ nìkan, kí ẹ sì gba fíìdì tuntun lórí ìyẹn.

Ṣé kò ní jẹ dátà mi?

Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú fíìdì kátálọ́ọ̀gì, ó sì sábà máa ń kéré sí fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Áàpù tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bi ìkànnì bóyá nǹkan ti yí padà. Bí ìkànnì bá ní rárá, kò ní gba fáìlì náà. Ohun tó ń jẹ dátà ni kí ẹ tò ó pé kó máa lọ wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilé ìkàwé kì í ṣe pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó.

Mo rìnrìn àjò fún oṣù kan, n kò ṣí áàpù. Ṣé mo ti pàdánù?

Ó wà lọ́wọ́ irú áàpù tí ẹ ń lò. Feedly àti irú rẹ̀ kì í dúró dè yín. Kọ̀ǹpútà tiwọn ni ó ń lọ yẹ fíìdì wò, ẹ ó sì bá ohun tó kó jọ nígbà tí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ áàpù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ṣí i nìkan ni, bíi Thunderbird lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ohun tó bá wà nínú fáìlì lọ́jọ́ tí ẹ dé nìkan ni yóò rí. Bí ìwé ọgọ́rin bá ti wọlé, tí àádọ́ta péré sì wà nínú fíìdì, ọgbọ̀n ti lọ nìyẹn. Ẹ lọ wá wọn nínú kátálọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, wọn kò sọnù níbẹ̀.

Ṣé ilé ìkàwé yóò mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ̀ lé fíìdì báyìí báyìí?

A kò mọ orúkọ yín. Ẹ kò fún wa ní ímeèlì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà wa rí ni pé ẹ̀rọ kan wá yẹ fáìlì wò. Ẹni tó ni áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò ló mọ àkójọ fíìdì yín. Ẹni tí èyí bá ká lára, kó lo áàpù tó ń tọ́jú gbogbo nǹkan sórí ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ilé ìkàwé wa kò ní àmì olómi ọsàn kankan. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ kọ́kọ́ lẹ àdírẹ́sì ojú ewé náà gan-an mọ́ áàpù yín. Ọ̀pọ̀ áàpù lè wá fíìdì jáde fúnra wọn níbi tí ojú kò tó. Bó bá jẹ́ pé WordPress ni wọ́n fi kọ́ ìkànnì ilé ìkàwé, ẹ fi /feed/ kún ìparí àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ ó sì rí ìkéde wọn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ kátálọ́ọ̀gì. Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ní ilé ìkàwé tó ń lo Koha, fíìdì náà kì í ṣe ohun tí a ń rà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n fi nǹkan mìíràn bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kun ojú kátálọ́ọ̀gì lọ́dà, ẹni tó kùn ún kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá a.

Mo fẹ́ fi àwọn fíìdì mi lé akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe. Inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ áàpù yín ni ẹ ó ti rí ibi tí ẹ ti lè kó gbogbo fíìdì jáde sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ OPML. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n gbé e wọ inú áàpù tiwọn. Fáìlì yìí kan náà lẹ ó lò bí ẹ bá fẹ́ kúrò nínú áàpù kan bọ́ sí òmíràn; mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa kó o jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó ṣe Google Reader lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

Fíìdì mélòó ló yẹ kí ènìyàn ní?

Mẹ́fà ni èmi ní fún iṣẹ́: nọ́ńbà ìpín méjì, ln:yor, jọ́nà méjì àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ẹ̀ka kan. Nígbà kan mo ní ogójì, àwọn tí n kò kà nínú rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, mo wá ń sá fún áàpù náà bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Báwo ni mo ṣe máa pa fíìdì tí n kò nílò mọ́?

Ẹ pa á rẹ́ nínú áàpù yín. Kò sí fọ́ọ̀mù tí ẹ ó kún, kò sì sí ẹni tí yóò fi ímeèlì bẹ̀ yín pé kí ẹ padà wá. Bí ẹ bá tún nílò rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá dé, ẹ lọ wá ọ̀rọ̀ náà nínú kátálọ́ọ̀gì, àmì náà ṣì wà níbi tí ẹ ti rí i nígbà àkọ́kọ́.